Ohun Tí Téèpù Mi Kò Gbà Sílẹ̀

Kò sí ẹni tí í sanwó kásẹ́ẹ̀tì torí kó lè gbọ́ ìjà. Òfin àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi nìyẹn nígbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kọ́ iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ní Ọjà Tuntun. Bí a bá lọ síbi ìkówójọ, èyí tí gbogbo Ìlọrin ń pè ní lọ́ńṣìn, àwọn tó dáwó ló máa ra kásẹ́ẹ̀tì náà. Orúkọ ara wọn àti àdúrà tí wọ́n ṣe fún wọn ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Bí àga bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kí o yáa tẹ pọ́ọ̀sì, bọ́tìnì tó ń dá téèpù dúró díẹ̀. Bí ara bá rọ̀, kí o tú u sílẹ̀. Nígbà tí mo fi dá ìsọ̀ tèmi sílẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ yìí débi pé kì í dúró gbàṣẹ lọ́dọ̀ mi mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n pè mí sí irú lọ́ńṣìn bẹ́ẹ̀ ní agboolé kan ní Gàmbàrí. Wọ́n fẹ́ fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ìsọ̀ wa lọ́jà ni wọ́n gbà kó wá ṣọ́ tábìlì owó. Àgbàlagbà onísùúrù ni. A jọ máa ń jókòó níwájú ìsọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́, á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni mo yàn, pé ẹlòmíràn á sọ̀rọ̀ tán, èmi á wá gbé e tà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ní wọn ò fi ti àwọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa tábìlì owó. Ọdẹ yìnbọn sókè. Gbogbo èèyàn fi igbe ta, ọwọ́ mi sì tẹ pọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo rí i tí olótùú ètò gbá máìkì mú, mo rò pé wàhálà ti tán, mo tú u sílẹ̀. Ìbọn kejì dún. Ọmọkùnrin kan, télọ̀ tí kò tíì pẹ́ tó kọ́ṣẹ́ tán, ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Kò dìde mọ́.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀. Ọdẹ ní nígbà tí òun yin ti àkọ́kọ́ tí wọn ò tú ká, òun ki ọta mìíràn, òun pariwo léraléra pé kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí òun tó yin èkejì sílẹ̀, tí ọta wá ta bá ọmọ náà. Orí igbe yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lé. Bó bá pariwo, jàǹbá ni. Bí kò bá pariwo, ó pààyàn. Wọ́n bi àwọn tó wà níbẹ̀, oníkálukú ní òun ti ń sá lọ. Ni wọ́n bá ní kí n mú kásẹ́ẹ̀tì mi wá.

Inú mi dùn. Mo rò pé èmi ni màá yọ ọ̀rẹ́ mi. Mo fi Bíbélì búra ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Challenge ní Ìlọrin. Wọ́n bi mí bóyá bí téèpù ṣe jáde nínú rẹ́kọ́dà náà ni mo ṣe mú un wá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Pọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ta ló ń rántí ìgbà tó ṣẹ́jú?

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìbọn dún, ìbọn tún dún. Àyè àárín wọn kò tó èyí tí èèyàn fi ń sín, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé yóò ki ọta sínú ìbọn ẹlẹ́nu kan, kó tún pariwo. Alága ìgbìmọ̀ ní irọ́ lọdẹ ń pa, pé ó ní ìbọn mìíràn tó gbé pamọ́. Wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ọdẹ á gbórí sókè, á tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Àmọ́ mo ti búra, ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́.

Wọ́n gbé téèpù náà fún obìnrin kan, olùkọ́ yunifásítì tó ní ẹ̀rọ tó ń ya ìró sórí ìwé. Nígbà tí a tún jókòó, ó ní ìbọn kan náà ló dún lẹ́ẹ̀mejèèjì, nítorí bí ìró wọn ṣe lọ lu ògiri agboolé tó sì padà bára mu. Ó wá ní jẹnẹrétọ̀ kan ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo, pé ohùn rẹ̀ lọ geere dé ẹ̀yìn ìbọn àkọ́kọ́, ó já, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Ó yíjú sí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ dá ẹ̀rọ yín dúró níbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Alága bi mí bó ṣe pẹ́ tó, mi ò mọ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fi etí ara mi gbọ́. Òótọ́ ni mo sọ: mo ti da ara bo rẹ́kọ́dà mi kí wọ́n má bàa tẹ̀ ẹ́ fọ́, ariwo ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó bi obìnrin náà bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ lè wá ohun tó wà níbi tó já. Ó ní ohun tí kò wọnú téèpù, kò sí ẹ̀rọ tó lè yà á.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti ọdẹ yìí ò tilẹ̀ balẹ̀ níbi tí a ó ti rí èèpo rẹ̀ ṣà. Wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ ìbọn mìíràn, ṣùgbọ́n ìyókù dé ilé ẹjọ́ láìsí ẹlẹ́rìí kan tó gbọ́ igbe, ọdẹ sì ṣẹ̀wọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ò bá mi jà. Ó ń kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Èmi ni mò ń yà fún un lọ́nà. Mò ń sọ fún ara mi pé òfin iṣẹ́ ni, pé kò sí oníkásẹ́ẹ̀tì tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, kò sì fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Nígbà tí ọdẹ jáde lẹ́wọ̀n, ó wá jókòó níwájú ìsọ̀ mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní màá bá a lọ sí Gàmbàrí, a ó wá ẹnì kan tó gbọ́ igbe rẹ̀, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Ó ní kí n dìde.

“Oníkásẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ nǹkan yẹn sí mi létí títí. Tí mo bá ní kí n rántí ọjọ́ náà báyìí, òun náà ni mò ń gbọ́. Ìbọn, ìbọn. Wàláì, èmi gan-an ò mọ̀ mọ́ bóyá mo pariwo.”

Ó ń wojú mi, ó ń dúró kí n sọ fún òun.