Ọkọ̀ Tí Kì Í Rìn Sẹ́yìn

Orí afárá ni òkìkí Télọ̀ aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Afárá onírin, tóóró, tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, odò ti kún, omi ń gbá abẹ́ afárá bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Télọ̀ ti wa mọ́tò rẹ̀ kọjá àárín nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ lódìkejì, tó kó wọ orí afárá, tó wá dúró síwájú rẹ̀. Imú kan imú.

Àkọ́bí, bí gbogbo ilé ti ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá wà lẹ́yìn láàárín ẹrù, ó fi orúnkún méjèèjì há ọmọkùnrin wọn kékeré mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà tó bí Ìyá ni wọ́n ń lọ, bí wọ́n ti máa ń lọ ní gbogbo ọlidé gígùn.

Awakọ̀ akẹ́rù yọ orí síta, ó ní kí bàbá fà sẹ́yìn. Télọ̀ ní òun kì í fà sẹ́yìn. Awakọ̀ ní ṣé bàbá kò rí i pé ọkọ̀ òun tóbi ju tiwọn lọ ni. Télọ̀ ní òun rí i, ṣùgbọ́n aṣọ tó fẹ̀ jù kọ́ ló ń bá ara mu jù. Igi ńlá kan ń ṣàn bọ̀ lórí omi. Ó kọ lu òpó afárá, gbogbo irin sì dún. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ni Télọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ibi tó máa ń wà tọ̀sán tòru nìyẹn. Ó wọn afárá láti ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ lọ. Ó ń tẹ ìka mọ́ irin, ó ń ká téèpù, ó tún ń nà án. Ó wọn ti akẹ́rù náà. Ó padà wá, ó gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Òun ti rìn jù ú lọ lórí afárá. Ẹni tó rìn díẹ̀ ló ń padà.

Awakọ̀ wò ó títí. "Bàbá, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún afárá ni?"

Inú ti ń bí i. Ó bẹ́ sílẹ̀ látorí ọkọ̀ gíga, ó nasẹ̀ kí ó lè tètè dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà yìí. Ohun kan dún, fàààà. Ṣòkòtò. Láti ìgbànú lọ dé ibi tí a kì í sọ. Ó dúró gbọn-in, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn.

Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ló gbé jáde. "Ojú rírán yẹn ni kò dáa. Ta ló rán an fún ọ? Gbé ọkọ̀ rẹ padà sí etí odò, kí n wá bá ọ tún un rán."

Bó ṣe fà sẹ́yìn nìyẹn. Etí odò ni wọ́n wà, awakọ̀ akẹ́rù ró aṣọ Ìyá mọ́dìí, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun, Télọ̀ ń fi abẹ́rẹ́ gún ṣòkòtò. Ìtàn náà dé ilé ṣáájú wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Télọ̀ ní Má-Wẹ̀yìn.

Ohun tí kò sí nínú ìtàn náà, Àkọ́bí nìkan ló rí i. Kí bàbá rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, ó rí ọwọ́ rẹ̀ lórí jíà. Bàbá tì í sẹ́yìn. Jíà payínkeke, kò wọlé. Ó tún tì í. Òógùn ṣàn láti ẹ̀yìn etí rẹ̀ wọ kọ́là. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"O ò rí nǹkan kan."

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá."

Jíà ẹ̀yìn ti kú. Agídí kọ́. Mọ́tò náà kò lè padà ni, Télọ̀ wá fi áyọ́ọ̀nù lọ àìlèpadà náà títí ó fi nà, tó gún, tó di ìgbéraga.

Mẹkáníìkì bẹ̀ ẹ́. Ó ní iṣẹ́ kékeré ni, kí bàbá gbé e wá. Télọ̀ ní kò sóhun tó ṣe é. Ẹ̀rọ ìránṣọ òun, bí òun bá yí i sẹ́yìn, òwú á já. Kí ló dé tí ti mọ́tò á fi yàtọ̀? Mẹkáníìkì ní mọ́tò kò ní òwú. Télọ̀ fi àánú wò ó. "Ìyẹn náà ló fi ń bàjẹ́."

Ẹni tí kò bá a rin ìrìn àjò kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àyà jíjá. Kò lè yà sí ibi tí kò ní ọ̀nà àbájáde níwájú. Ilé epo tí ẹnu rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, yóò kọjá rẹ̀ ni, kódà kí ọwọ́ òṣùwọ̀n epo ti sùn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń mu epo.

Ìyá á rọra pè é. "Bàbá wọn. Epo."

"Mo ti rí i."

"Ṣé o rí i pé kò sí?"

"Ohun tí mo rí nìyẹn."

Ọjọ́ kan wà tó kọjá oríta tó yẹ kí wọ́n yà. Ìyá sọ fún un. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ayé rí roboto, pé ẹni tó bá ń lọ síwájú, kò ní ṣaláì débẹ̀. Wọ́n ń lọ. Igbó dé, igbó lọ. Ìlú tí wọn kò mọ̀ ń kọjá lójú fèrèsé. Òjò ṣú, ọmọkùnrin kékeré bì, Ìyá kò sọ̀rọ̀ mọ́, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù jù. Nígbà tó yá, Àkọ́bí rí ilé kan tó jọ èyí tó mọ̀. Lẹ́yìn náà, ó rí onígbàjámọ̀ tó dúró sẹ́nu ìsọ̀ tirẹ̀ gan-an, ní àdúgbò tiwọn, tó ń wò wọ́n tìyanutìyanu. Télọ̀ pa iná mọ́tò. "Ṣé ẹ rí i bí mo ti wí? Kò síbi tó dà bí ilé."

Lọ́dún tí wọ́n bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ẹnu géètì iwájú ni Télọ̀ yóò gbà wọlé, yóò la ọgbà ewébẹ̀ já, yóò gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí títì kejì kí ó tó dúró. Ìyá Àgbà á dúró lórí ẹ̀fọ́ tó wó lulẹ̀. Ó bi ọmọ rẹ̀ lọ́dún kan pé, "Ọkọ rẹ yìí, ṣé ó wá kí mi ni àbí ó ń kọjá?"

Ṣùgbọ́n dídé ilé. Ìyẹn ni kò sẹ́ni tó gbàgbé.

Ìdí ọ̀nà tóóró kan tí kò já síbì kan ni ilé wọn wà. Bí mọ́tò bá fi imú wọ ibẹ̀, kò ní lè jáde mọ́. Nítorí náà, Télọ̀ á kọjá ẹnu ọ̀nà náà díẹ̀, á dúró, á fun fèrè. Fèrè gígùn. Onígbàjámọ̀ á fi orí oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀. Oníbúrẹ́dì á jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Àwọn yòókù á ya dé, gbogbo wọn á kọjú sí imú mọ́tò, wọ́n á máa tì í sẹ́yìn wọlé. Wọ́n ń bú u, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n rí lọ́nà. Má-Wẹ̀yìn á jókòó sídìí sítíárìn bí ọba, ọwọ́ kan lójú fèrèsé. "Ẹ rọra o. Ẹ má ha mí lára."

Ó kú bó ṣe wakọ̀. Ó sun oorun ọ̀sán lórí àga, téèpù lọ́rùn, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àkọ́bí mú Ìyá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ilé, orúnkún Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ṣùgbọ́n kò jókòó dáadáa sọ́hùn-ún náà. Ojú fèrèsé ló ń wà láràárọ̀, báàgì lórí itan, bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Àbúrò, ọmọkùnrin kékeré ọjọ́sí tó ti di bàbá ọmọ, ti wá rí ẹni tó fẹ́ gba ilé Télọ̀. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bí mo bá dé ibẹ̀ tí ara mi kò gbà á, wàá dá mi padà. Kí àbúrò rẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn."

Mọ́tò bàbá rẹ̀ ni Àkọ́bí gbé. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láìsọ fún ẹnì kan. Kò fẹ́ kí Ìyá jìyà lọ́nà. Ọkùnrin náà ti darúgbó, orí rẹ̀ ti pá. Ó ní òun ti ń retí jíà yìí láti ìgbà tí òun ṣì ní irun.

Òjò bá wọn lọ́nà. Wọ́n dé orí afárá, odò sì tún ti kún. Wọ́n ti rìn jìnnà lórí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ. Àkọ́bí tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ti jíà sẹ́yìn. Jíà wọlé wẹ́rẹ́. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í padà, díẹ̀díẹ̀, irin ń dún lábẹ́ táyà, títí wọ́n fi dé etí odò. Akẹ́rù kọjá, awakọ̀ juwọ́ dúpẹ́.

Ìyá ti di ojú. "Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Ìyá."

"Ojú tì mí."

Àkọ́bí ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun tọrọ àforíjì. Ó di sítíárìn mú. Ó ń rò ó pé bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí lórí afárá, báwo ni yóò ti rí nílé?

Wọ́n dé àdúgbò. Òjò ti dá. Ilẹ̀kùn gbogbo wà ní títì. Àkọ́bí kọjá ẹnu ọ̀nà tóóró náà díẹ̀, ó dúró, ó ti jíà sẹ́yìn, ó bojú wẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọlé. Mọ́tò ń lọ geere. Kò sí ariwo kankan.

"Dúró."

Ó tẹ bíréèkì. Ìyá ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ìka rẹ̀ ti funfun.

"Báyìí la ṣe máa wọlé? Bí olè?"

"Ìyá, mo ti tún un ṣe ni."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ ọ lórí afárá." Ìyá mí kanlẹ̀. "Nígbà tí a kó wá síbí, kò sẹ́ni tó ń kí wa. Àlejò ni wá. A ó dé, a ó ṣílẹ̀kùn, a ó wọlé. Ọjọ́ tí jíà yẹn kú ni àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ jáde sí wa. Èmi náà ní kí bàbá rẹ lọ tún un ṣe. Ó ní, 'Bí mo bá tún un ṣe, ta ni yóò tún jáde wá pàdé wa?'"

Gbogbo ọdún tí Àkọ́bí fi pa àṣírí bàbá rẹ̀ mọ́, ìdajì rẹ̀ ló pa mọ́.

"Gbé e jáde padà," Ìyá wí. "Kí o fun fèrè."

Ó gbé e jáde. Ó fun ún. Fèrè gígùn. Kò sẹ́ni tó yọjú. Omi ń kán láti orí òrùlé. Ìyá ń wo iwájú, báàgì lórí itan. Àkọ́bí rò pé àṣà fèrè náà ti parí. Òun ló pa á. Òun àti mẹkáníìkì.

Ó tún fun ún.

Ilẹ̀kùn kan dún. Onígbàjámọ̀ yọ sẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ọkùnrin kan tí ìdajì orí rẹ̀ ń dán tẹ̀ lé e. Ó wo mọ́tò. Ó wo ẹni tó wà nídìí sítíárìn. Ó gbé abẹ sílẹ̀ lórí fèrèsé. Oníbúrẹ́dì bọ́ síta, ìyẹ̀fun dé ìgbúnwọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù.

"Ẹ káàbọ̀ o," onígbàjámọ̀ wí. Ó fi ọwọ́ kan imú mọ́tò bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́ àtijọ́. "Ó mà ti pẹ́ o. Ẹ ò tíì tún jíà yìí ṣe síbẹ̀?"

Àkọ́bí wo Ìyá. Ìyá kò wo ẹnikẹ́ni.

"A ò tíì tún un ṣe," Àkọ́bí wí.

Wọ́n kọjú sí mọ́tò, wọ́n ti apá mọ́ ọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Wọ́n ń bú Má-Wẹ̀yìn bí wọ́n ti ń bú u látijọ́. Ọkùnrin tí wọ́n fá orí rẹ̀ láàbọ̀ ń béèrè ìdí tí òun fi ń ti ọkọ̀ ẹni tí òun ò mọ̀ rí, wọ́n ní kó dákẹ́ kó máa tì. Ilé ń sún mọ́ wọn lẹ́yìn. Àkọ́bí gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti yí gíláàsì sílẹ̀, ó ti gbé ọwọ́ kan lé ojú fèrèsé.

"Ẹ rọra o," Ìyá wí. "Ẹ má ha mí lára."