Ife Ọtí Sípéènì Níwájú Àna

Akàn tó bá ń hó nínú ata rodo àti efinrin máa ń ta sánsán débi pé àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ láìnídìí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú ilé tí mo háyà ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà ọ̀dọ́, tí irùngbọ̀n mi dúdú kirikiri, tí mo sì gbà pé kò sóhun tí mo kò mọ̀ láyé. Mo se akàn. Mo dín edé ńláńlá tí wọ́n gbé wá láti Ìkòròdú. Mo fi ẹja àrọ̀ se ọbẹ̀ tó ṣe é fi búra. Nínú báàfù tó kún fún omi dídì, ìgò ọtí wáìnì funfun kan láti Sípéènì jókòó, ó ń làágùn bí ẹni tó ń dúró de ìdánwò.

Ìdánwò náà, tèmi ni, kì í ṣe ti ìgò. Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ló ń bọ̀ wá jẹun. Olùkọ́ àgbà ni wọ́n ní yunifásítì ìjọ tó wà nítòsí wa, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pa ọjọ́ Sátidé mọ́ ní Sábáàtì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tí wọn kò bá sì sọ máa ń wúwo ju èyí tí wọ́n sọ lọ. Nígbà tí mo lọ fi ara mi hàn nílé wọn, wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ wá wo ibi tí ọmọ àwọn á máa gbé àti ohun tí yóò máa jẹ níbẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn á tó fèsì. Èsì yẹn ni mo ń sè lórí iná.

Lójú ara mi, mo ti mọ ìṣe wọn tán. Wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀; mo mọ̀. Wọn kì í dáná lọ́jọ́ Sátidé, mo mọ̀. Wọn kì í mu bíà. Mo mọ ìyẹn náà, ìdí nìyẹn tí n kò fi ra bíà. Wáìnì ńkọ́? Nínú ìjọ tí wọ́n ti tọ́ mi ní Òde Rẹ́mọ, ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni wáìnì ń gbé, àlùfáà ló sì ń gbé e sún mọ́ wa lẹ́nu. Bí Jésù bá lè fi omi ṣe é níbi ìgbéyàwó ní Kánà, èwo ni ti bàbá ìyàwó níbẹ̀?

Àfẹ́sọ́nà mi pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ sè.

“Má béèrè,” ni mo dá a lóhùn. “Wàá rí i.”

“Tíṣà, iṣu lásán náà tó o.”

“Iṣu? Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba ìyàwó nìyẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run bá mi sè é. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi tí mò ń wí yìí, èmi ni mo ń júwe ọ̀nà fún àwọn ará ilé.

Ní ti ọtí yẹn, ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń mu ún. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàgámù ló fi mọ̀ mí. Owó rẹ̀ kò ju ti adìẹ kan lọ, bẹ́ẹ̀ ìgò rẹ̀ jọ ti ilé olówó. “Ọ̀gá tíṣà,” ni obìnrin náà wí, “ẹ má fi ẹran mu ún o. Ohun tó bá ti inú omi jáde ni kí ẹ fi mu ún, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù títí eyín yín á fi fẹ́ sá.” Mo gbọ́ràn, mo sì jèrè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi omi lásán jẹ edé mọ́.

Bàbá dé ní aago méjì géérégé, ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wo yàrá, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n jókòó, wọ́n gbàdúrà. Wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn ṣí àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àfẹ́sọ́nà mi fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

“Ọmọ mi,” bàbá sọ jẹ́ẹ́, “èwo nínú ìwọ̀nyí ló ní ìpẹ́?”

Mo wo akàn. Mo wo edé. Mo wo ẹja àrọ̀ tí ara rẹ̀ ń dán bíi bàtà tuntun. “Kò sí, sà.”

“Ohun tó bá wà nínú omi tí kò ní lẹbẹ àti ìpẹ́, àwa kì í jẹ ẹ́.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnìkan bá bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ pé kí n kó gbogbo èèwọ̀ inú omi jọ sórí tábìlì kan ṣoṣo, n kò lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń wá ibi tí ilẹ̀ ti máa lanu gbé mi mì, bàbá na ìka sí báàfù.

“Ìyẹn ńkọ́? Omi èso ni?”

Ẹ wo ọ̀nà àbáyọ. Ohun tó wà nínú ìgò mọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bí omi, èdè Sípéènì ni wọ́n kọ sára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kà á nínú ilé náà. Kí n ṣáà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, omi èso ni: gbólóhùn kékeré yẹn ni ìgbéyàwó mi so rọ̀ mọ́. Ọmọbìnrin náà ń wò mí, n kò sì mọ èyí tí ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n sọ.

“Ọtí ni, sà. Mo máa ń mu ún. Ife kan tàbí méjì, bí mo bá ń jẹ oúnjẹ omi.”

“Bí o bá fẹ́ ọmọ mi, ṣé wàá fi í sílẹ̀?”

“Bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lónìí, sà, irọ́ ni.”

Bàbá béèrè bóyá iṣu wà nílé. Ó wà. Ọmọ wọn dìde lọ sè é, mo fẹ́ tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n jókòó. “Jẹ oúnjẹ rẹ. Wọn kì í jẹ́ kí oúnjẹ tutù nítorí àlejò. Mu ohun tí o fẹ́ mu.”

Akàn kì í ṣe oúnjẹ ẹni tó ń wá ìyàwó. Ó ń fẹ́ kí èèyàn fọ́ ìkarahun, kí ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mu pẹ̀lú ariwo, kí epo máa ṣàn dé ìgúnpá. Mo jẹ ẹ́ níwájú àna tí kò tíì jẹ́ àna. Mo da ọtí sí ife, mo gbé e mì, ẹnu mi sì tutù nini. Mo da ìkejì, mo rọra mu ún.

“Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?” bàbá bi mí.

Mo rò pé tàkúté ni. “Ó kan díẹ̀, sà, bí agbálùmọ̀ tí wọ́n já kó tó pọ́n. Ó tún dà bí ìgbà tí èèyàn fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi kànga. Bí ata bá jó ahọ́n, òun ló ń pa iná rẹ̀.”

Wọ́n mi orí bí ẹni tó ń máàkì ìwé. “Ẹni tó wá fẹ́ ọmọ mi ṣáájú rẹ ní òun kò tọ́ ọtí wò rí. Èémí rẹ̀ ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọmọ wọn náà bú sẹ́rìn-ín láti ibi ìdáná. “N kò tíì fún ọ lọ́mọ o. Ìjókòó ni mo fún ọ.”

Ọ̀pọ̀ Sátidé ni mo fi jókòó sí ìjókòó náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kí bàbá tó fèsì. Lónìí, ìkòkò méjì ló wà nílé wa: èyí tí akàn ń wọ̀ kì í fara kan ti ìyàwó mi, tó jẹ́ pé ẹja ẹpìyà tó ha ìpẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sè. Mo ti mu ọtí tó wọ́n ju tèmi lọ nílé àwọn èèyàn ńlá, mo sì padà sí tèmi. Tí mo bá ronú kan ọjọ́ yẹn, mo máa ń rí i pé gbogbo ohun tó dá mi lójú ni mo ṣì. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní tòótọ́ ni ohun tí mo máa ń mu, òun náà ni mo sì sọ. Ìyàwó mi á jókòó síwájú mi pẹ̀lú ife omi rẹ̀, á máa wo bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ akàn.

“Rọra o,” ni yóò wí. “Kò sẹ́ni tó ń lé ọ.”

Mo máa ń rọra.