Ọmọ Tí Ò Lórúkọ

Títí di òní, bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè ní Tchaourou, inú máa ń bí mi sí ọkọ mi tó ti kú. Àáfáà ni, kò sì sí ìpàdé onímọ̀ tí kì í lọ. Á gbé búta àlùwàlá, á ní, "Ọ̀rọ̀ kékeré kan la fẹ́ yanjú."

Ọjọ́ kẹta tí mo bímọ, ó gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ Kọmandan, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso wa, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó forí lé ìpàdé kan ní Dàkár. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọmọ lórúkọ lẹ́yìn òun. Àwọn àgbà ò sì jẹ́ ré àṣẹ rẹ̀ kọjá.

Ọmọ ti ń rìn kó tó dé.

"Àáfáà, kí lẹ rí yanjú níbẹ̀?"

Ó rọra jókòó. "Gbogbo wa fẹnu kò pé ọmọ ò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kẹjọ láìlórúkọ."