Sàréè Méjì, Ojú Ibi Kan

Ọgbọ́n àgbọ́njù ló kó bá mi. Wọ́n fẹ́ fẹ títì kan lójú sí i nítòsí Ìfọ̀, wọ́n wá ní kí ọ́fíìsì wa ní Ìbàfò, tó ń wọnlẹ̀, kọ gbogbo sàréè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì sílẹ̀, kí wọ́n lè hú àwọn òkú lọ sin síbòmíràn kí katapílà tó dé. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, pé kí n tò ó sínú kọ̀ǹpútà.

Ǹ bá fún sàréè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí n kọ orúkọ òkú tì í. Mo kọ̀. Mo ní orúkọ a máa jọra, nọ́ńbà ṣeé ṣì kọ, ṣùgbọ́n ojú ibi kan ò lè di méjì láyé. Mo wá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé ibi tí fóònù mi bá sọ pé mo dúró sí ni kó fi dá sàréè mọ̀, kó má sì gba ibi kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá àgbàlagbà kan mú mi lọ síwájú ilé rẹ̀. Sàréè Mùsùlùmí ni, kò sí sìmẹ́ǹtì lórí rẹ̀, erùpẹ̀ lásán tí òjò ti ń tẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ló sùn síbẹ̀, àárín wọn ò ju ìṣísẹ̀ kan lọ.

"Méjì ni o," ó ní. "Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, sà."

Lóòótọ́ ni mo dúró níbi méjèèjì tí mo tẹ fóònù. Ṣùgbọ́n fóònù ò mọ ìyàtọ̀ ìṣísẹ̀ kan, ibi kan náà ló mú. Nígbà tí mo dé Ìbàfò, kọ̀ǹpútà ò gba ìkejì. Ebi ń pa mí, ọ̀nà ti tán mi lókun. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni, mo pa á rẹ́. Mo tiẹ̀ yin ara mi pé àṣẹ mi ń ṣiṣẹ́.

Bàbá ti lọ sí Ọ̀ṣun lọ́jọ́ tí àwọn tó ń hú òkú dé. Ọ̀kan ni ìwé wí, ọ̀kan ni wọ́n hú. Kó tó dé, ọ̀dà títì ti bo ibẹ̀.

Nọ́ńbà ni mo ń lò báyìí. Ọ̀bẹ gé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sọ ọ̀bẹ nù. Ọ̀bẹ ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Bàbá wá bá wa ní Ìbàfò. Mo kúnlẹ̀, mo ń retí èpè. Ì bá ṣẹ́ ẹ, ì bá sàn fún mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ta lẹ gbé nínú àwọn méjèèjì? Mo fẹ́ mọ ẹni tí mò ń ṣàdúà lórí sàréè rẹ̀."

"Mi ò mọ̀, sà."