Ọ̀gá Tó Ti Wáífáì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Ìró kọ́kọ́rọ́ tó fi há ìbàdí la fi ń mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé wa n'Íjẹ̀bú-Òde ti dé. Ọlọ́gbọ́n ni. Nígbà tí Wáífáì ilé ìwé kò yára mọ́, ó fi ìborùn òfì wé ẹ̀rọ náà, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù onírin ẹ̀bá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa, ó ní ohun iyebíye kì í wà níhòòhò. Ó tún ní ká máa ti fèrèsé.

"Tíṣà, àbí ẹ fẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣàn lọ s'Ódogbolu ni?"

Mo ti fèrèsé. Ẹni tó bá ń bá irú ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ jiyàn yóò wá iṣẹ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ kan tí à ń fi èsì ìdánwò ránṣẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù gbiná. Èéfín dí ẹnu ọ̀nà. Mo sáré sídìí fèrèsé.

"Tíṣà, ẹ má ṣí i! Ó ku èsì ọmọ méjì!"

Àga ni mo fi fọ́ gíláàsì ká tó rọ́nà jáde.

Ọ̀gá ti ra ẹ̀rọ tuntun báyìí. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn náà ló wà, ìborùn sì ti di méjì. Èmi ti gbé àga mi sídìí fèrèsé.

"Tíṣà, kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Ooru ló ń mú mi, sà."