Apá Tí Kò Wú

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ọ̀jọ́, kò tíì sí títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí Èkó, ẹsẹ̀ la fi ń rìn dé Ìba, oko àti igi àgbọn ló sì pọ̀ jù ní Okokomáíkò. Ẹ̀yin tí ẹ ń háyà yàrá níbẹ̀ lónìí lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Lọ́dún kan, ìròyìn dé pé olóde ti wọ àwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà. Àrùn ṣọ̀pọ̀ná ni mo ń wí. Àwọn àgbà ìgbà náà kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ó ti pa ọmọ kan fún ìyá mi rí, àbúrò mi tí wọ́n ń pọ̀n nígbà náà kò sì tíì já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀rù ba ìyá mi débi pé oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́.

Ìjọba wá rán abupá sí wa. Ọkùnrin kan ni, tó máa ń fi abẹ kékeré ha apá ọmọ, tí á sì kán oògùn sí i kí àrùn náà má bàa mú un. Àwọn obìnrin Ọ̀jọ́ ayé ìgbà yẹn ẹ̀wẹ̀, wọn kì í gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbẹ jáde síwájú àlejò. Òróró àgbọn ni wọ́n fi pa gbogbo wa látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí a ṣe ń dán tó, ẹ̀ bá rí wa! Abupá náà kò ráyè, ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró dè é létí ọ̀sà. Ó ha apá, ó kán oògùn, ó ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. A tún ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá rẹ̀ mú un padà wá láti yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó ń bá àwọn ọmọ ṣeré bó ṣe ń wo apá wọn, àfi bó ṣe dédé pe abupá pé kó wá wò ó. Apá tí oògùn bá mú gbọ́dọ̀ wú, kó sì ṣomi. Tiwa ti jinná, bí ẹni pé ẹ̀gún ló kàn ha wá. Abupá ní àwọn obìnrin ló fọ oògùn náà dànù. Ọ̀gá kò bá a jiyàn, ó ní, "Ṣe ọ̀kan lójú mi."

Wọ́n gbé ọmọ kan wá, òun náà ń dán. Bí abupá ṣe mú abẹ, ọ̀gá fi ìka kan apá ọmọ náà, ìka yọ̀.

"Ṣé orí òróró lo ń kán oògùn sí? Ṣebí yóò yọ̀ dànù ni!"

Ó ní kí a wá omi àti ọṣẹ, kí wọ́n fọ apá gbogbo ọmọ, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ ti ya ọmọ mi lápá lásán lẹ́ẹ̀kan. Mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́."

Mo rò pé ọ̀gá náà yóò jágbe, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba ìgbà náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ńṣe ló lóṣòó síwájú wọn. "Ẹ má bínú, ìyá. Àwa la ṣì í ṣe, kì í ṣe ẹ̀yin. Ó yẹ ká ti nù ún ká tó bẹ̀rẹ̀."

Ìyá mi bá tú ọ̀já. Lọ́tẹ̀ yìí, apá àbúrò mi wú, ibà mú un, ó ké títí. Inú ìyá mi dùn sí ẹkún náà.

Obìnrin tó múlé tì wá ti gbé ọmọ tiwọn lọ sí Àgbádárìgì lọ́jọ́ tí ọ̀gá wá tún un ṣe, àgbọn ni wọ́n lọ tà. Nígbà tí wọ́n dé, a sọ fún wọn. Wọ́n ní wọ́n ti bupá fún ọmọ àwọn, pé ẹ wo ojú abẹ lápá rẹ̀. Olóde dé Ọ̀jọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àbúrò mi kò ṣàìsàn rárá. Ọmọ yẹn kú, ó sì dùn mí, torí èmi náà máa ń pọ̀n ọ́n.

Lónìí, ṣọ̀pọ̀ná ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ilé ìtọ́jú wà ní Ìba, ó wà ní Okokomáíkò, ìyá tí kò bá sì gbé ọmọ rẹ̀ padà wá gba abẹ́rẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì á pè é lórí fóònù. Mo máa ń gbọ́ bí ẹ̀yin ìyá wẹ́wẹ́ ṣe ń kùn pé wọ́n ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yọ yín lẹ́nu. Nígbà tiwa, ọkọ̀ ọ̀gá náà ti ṣí kí obìnrin yẹn tó dé, kò sì sẹ́ni tó padà wá bèèrè ọmọ rẹ̀.