Bí Mo Ṣe Fẹ́ Ta Dùbáì fún Ará Dùbáì

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí Àǹtí Bọ́sẹ̀, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì kékeré tí a ti ń ta ilé ní Ajah, sọ pé èmi ni n óò mú Bọ̀dá Múfú lọ wo ilé. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Méjèèjì dé pọ̀ débi pé mi ò lè mu tíì mi tán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìjọba tán ni. Àkókò tí wọ́n fi ń dán mi wò ti ń parí lọ, mo sì mọ̀ pé bí oníbàárà yìí bá bọ́, ó ṣeé ṣe kí èmi náà bọ́.

Ó ti pẹ́ tí Bọ̀dá Múfú ti ń ṣe ẹnjiníà ní Dùbáì. Ilé-iṣẹ́ wọn fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí Áfíríkà, wọ́n sì ní kí bọ̀dá fúnra wọn yan ìlú: Accra, Kìgálì tàbí Èkó. Ibi tí ìyàwó àti ọmọ wọn bá lè gbé ní ìrọ̀rùn, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì máa wà. Mo ti rò pé pápá ọkọ̀ òfurufú àti afárá ni ìlú fi ń bá ìlú díje. Mi ò mọ̀ pé yàrá ìdáná àti ọ̀nà iléèwé ọmọ wà nínú rẹ̀.

Bí a ṣe kọjá ibùdókọ̀ Abraham Adésànyà, mo bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo ti kọ́ sórí: "Sà, tí ẹ bá rí àwọn ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ síwájú, ẹ ó rò pé Dùbáì lẹ wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, Dùbáì ni mo ti wá. Ta ní ń gbé iyọ̀ lọ tà fún ará etí òkun?"

Ojú tì mí. Mo pa ìyókù ohun tí mo kọ́ sórí tì títí a fi dé.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní àṣà kan: kí oníbàárà tó wọ inú ilé, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un lọ kí aládùúgbò. "Ilé là ń tà," ni wọ́n máa ń wí, "àdúgbò ni wọ́n ń rà." Mi ò fẹ́ràn àṣà yẹn rárá, torí aládùúgbò kò ní ìdí kankan láti bá wa bo àṣírí.

Màmá Ràṣídà, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó síwájú ilé kejì. Bọ̀dá béèrè bí òjò ṣe máa ń ṣe wọ́n.

"Omi máa ń dúró ní ìkòríta yẹn," ni màmá dáhùn. "Kì í wọlé. Àmọ́ ẹ má ra mọ́tò tó kúrú."

Mo wo ojú bọ̀dá.

"Iná ńkọ́, mà?"

"Ó ń wá, ó ń lọ, bí ọkọ oníyàwó méjì. Sólà la fi ń gbé e. Ọmọ ibo ni yín?"

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi."

"Ẹ̀pẹ́ tó wà níwájú níbí? Ẹ wá jẹ́ kí ọmọdé yìí máa júwe ọ̀nà ilé fún yín?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jókòó títí. Mo dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n gbàdúrà.

Nígbà tí a wo ilé tán tí à ń padà, bọ̀dá ní, "Ilé Kìgálì dára, títì wọn mọ́ tónítóní. Ti Accra náà dára. Kò ṣáà sẹ́ni tó bi mí ní ọmọ ibo ni mí."

Wọn ò tíì yan ìlú. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi títí di ọjọ́ Ẹtì, tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ pè mí pé wọ́n ti yan Èkó, àti pé èmi náà ti di òṣìṣẹ́ gidi. Mo bú sẹ́kún. Àǹtí ní kí n lọ sun ún níta, oníbàárà ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dá Múfú tún pè. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ta ilé ní Dùbáì ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tí yóò máa bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀. "Mo ti dárúkọ rẹ fún un," ni wọ́n wí.

Mo sọ fún Àǹtí Bọ́sẹ̀. Wọ́n ní, "Má wo ojú mi o. Tí o bá lọ, n óò sọ̀rọ̀ ẹ láìdáa fún ọjọ́ méjì, n óò sì gbàgbé."

Màmá mi, tó ń gbé ní Awoyaya, ní kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí níbí, mo sì ń bẹ̀rù pé ìfẹ́ yẹn lè jẹ́ ìwà ojo lásán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró tí kò dùn yín, kí lẹ rò pé kí n ṣe? Bọ̀dá ń retí èsì mi kí oṣù yìí tó parí.